Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Ilé-Kéú Mọ́ Wọn?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, a kò sì ní fi oyin bò ó. Ẹni tó bá ta lára, kó má sọ pé ọ̀tá ẹ̀sìn ló kọ ọ́. Àwa ọmọ inú ilé la kọ ọ́, ojú wa sì ni gbogbo rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Kò sí àpèjọ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan nílẹ̀ Yorùbá tí a kì í ti í sọ ìtàn ilé-ìwé fún ara wa. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ìwé dé Èkó, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ló wà. Bàbá tó bá fi Sùlèmọ́nù sí ilé-ìwé wọn ń bẹ̀rù pé Sólómọ́nì ni yóò padà wálé, ọ̀pọ̀ sì rò pé ó sàn kí ọmọ jókòó sílé ju kó sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù lọ. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé kan fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, ṣùgbọ́n ilé-ìwé kan ṣoṣo kò lè gba ọmọ gbogbo ìlú. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi kóra jọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1923, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láì yí orúkọ padà. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀lé wọn. Lónìí a ní jẹ́lé-ó-sinmi, a ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a ní girama, a sì ní yunifásítì: Fountain wà ní Òṣogbo láti 2007, Summit wà ní Ọ̀fà láti 2015. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun.

Ìtàn náà dùn, a sì máa ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ni ohun tó dun àwọn bàbá wa gan-an nígbà náà? Ohun tó dùn wọ́n ni pé ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ìmọ̀, ó ń sọ fún ọmọ wọn pé, "Bí o bá fẹ́ wọlé, kọ́kọ́ lọ di ẹlòmíràn." Ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwa náà ń sọ lónìí fún ọmọ tí ojú rẹ̀ fọ́? Kí ni à ń sọ fún ọmọ tí etí rẹ̀ di, tàbí ọmọ tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú lẹ́sẹ̀, tàbí èyí tí ọpọlọ rẹ̀ kò yára bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀? À ń sọ fún un pé kó lọ ríran kó tó wá, kó lọ rìn kó tó wá. Tàwa gan-an tún burú ju ti àwọn míṣọ́nnárì lọ. Ọmọ lè yí orúkọ padà bó bá fẹ́. Èwo nínú wọn ló lè yí ojú padà?

A kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń lé wọn pẹ̀lú kùmọ̀. Ìlé tiwa ní ọ̀wọ̀ nínú. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò fún ìyá ọmọ náà ní àga, yóò kí i, yóò gbàdúrà fún un, lẹ́yìn náà ni yóò ní kíláàsì ti kún. Tàbí kó ní, "Màmá, a kò fẹ́ kí ọmọ yín jìyà, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ nípa irú wọn." Ìyá náà yóò sọ pé ó ṣeun, yóò sì pọn ọmọ rẹ̀ padà sílé. Ta ló máa gbọ́ pé wọ́n lé ẹnì kan?

A mọ ọmọbìnrin kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ilé-ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Ìsìláàmù ni wọ́n kọ gàgàrà sára ògiri rẹ̀. Ọ̀pá ni ọmọ yìí fi ń rìn. Ó ṣe ìdánwò àtiwọlé, ó yege. Nígbà tí wọ́n rí i lójúkojú, wọ́n ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wà, kò ní lè máa gun àtẹ̀gùn. Yàrá kíláàsì mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ ilé yẹn! Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbé kíláàsì náà sọ̀ kalẹ̀." Àga àti tábìlì ni wọn ì bá gbé, iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọ́n rò pé kó rọrùn kí ọmọ náà pàdánù ẹ̀kọ́ ju kí àga kúrò níbi tó wà lọ. Ibi ìránṣọ ló wà báyìí. A kò fojú kéré iṣẹ́ aránṣọ o, iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ kì í ṣe òun ló yàn án.

Ti ilé-ìwé gíga lókè yẹn ṣì ní àwáwí nínú, nítorí pátákó ìkọ̀wé wà níbẹ̀, ìwé wà, ìdánwò wà. Ti ilé-kéú ni kò yé wa rárá. Báwo la ṣe ń kọ́ ọmọ ní kéú láti ayébáyé? Àlùfáà á kà á, ọmọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Etí ló ń gbọ́, ahọ́n ló ń tún un sọ, orí ló ń gbà á dúró. Nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ ọ̀run, bóyá ni èyí tó rọ afọ́jú lọ́rùn tó ilé-kéú wà. Káàkiri ayé Mùsùlùmí ni a ti ń rí afọ́jú tó há Alùkùránì sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀, ẹ lọ ka orí àwọn ọmọ tó jókòó sórí ẹní ní ilé-kéú àdúgbò yín, kí ẹ sọ iye afọ́jú tí ẹ bá níbẹ̀ fún wa.

Ẹ ó rí wọn níbòmíràn. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, ẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n to ara wọn lọ rẹrẹẹrẹ, àwo wà níwájú wọn, ọmọ kékeré kan tó yẹ kó wà ní kíláàsì ló di ọ̀pá wọn mú. À ń ju náírà sínú àwo náà, inú wa sì ń dùn pé a ti ṣe sàráà. Sàráà dára, a kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣíwọ́. Ohun tí à ń wí ni pé àwọn tó jókòó sí ìta yẹn, ìlú wa kan náà ni wọ́n gbé ṣe ọmọdé. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, àlùfáà wà ládùúgbò wọn. Ìgbà yẹn ni ó yẹ ká fún wọn ní wàláà. A kò fún wọn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni a wá ń fún wọn ní náírà.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kó ṣí Súrátu Abasa, ìkọgọ́rin nínú Alùkùránì. Gbogbo wa la mọ ìdí tó fi sọ̀ kalẹ̀, nítorí a máa ń há a sórí láti kékeré, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ahọ́n wa nìkan ló gbà á. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wà pẹ̀lú àwọn ìjòyè Kùráéṣì, ó ń pè wọ́n sí ẹ̀sìn. Afọ́jú kan, Abdullah ọmọ Umm Maktum, wọlé dé, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun nínú ohun tí Ọlọ́hun fi mọ Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fa ojú ro, ó yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọlọ́hun sì bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀ wí lórí èyí, ìbáwí tí àwa Mùsùlùmí ń kà sókè nínú ìrun títí di òní.

Ẹ wo ohun méjì níbẹ̀. Èkíní, kí ni afọ́jú yìí wá gbà? Kò wá tọrọ oúnjẹ. Kò wá tọrọ aṣọ. Ìmọ̀ ló wá gbà. Èkejì, ìdí tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi yí ojú kúrò kì í ṣe ìdí burúkú: ó ń retí pé bí àwọn ìjòyè bá gba ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ yóò tẹ̀lé wọn. Ìdí rere ni, síbẹ̀ Ọlọ́hun kò gbà á. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé tí ẹ ń sọ pé àwọn òbí olówó yóò kó ọmọ wọn kúrò bí ẹ bá gba afọ́jú, ṣé ìdí tiyín lágbára ju ìyẹn lọ ni?

Ìtàn náà kò sì tán síbẹ̀. Abdullah yìí kan náà àti Mus'ab ọmọ Umayr ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé Mẹ̀dínà, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ará ìlú ní Alùkùránì. Afọ́jú ni olùkọ́! Ó di ládánì pẹ̀lú Bìlálì. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun a sì máa fi í ṣe adelé ní Mẹ̀dínà bí òun bá rìnrìn àjò. Nígbà tó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kírun nílé nítorí òun kò rí ẹni mú òun dé mọ́ṣáláṣí, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bi í bóyá ó ń gbọ́ ìpè ìrun. Ó ní òun ń gbọ́. Wọ́n ní kó dáhùn nígbà náà. Wọn kò fi àánú tì í sílé. Wọ́n ń retí rẹ̀ lórí sàfú bí wọ́n ṣe ń retí ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan máa ń mú Súrátul-Fat'h wá, pé Ọlọ́hun ti gbé ẹrù kúrò lọ́rùn afọ́jú àti arọ àti aláìsàn. Òótọ́ ni, ti ogun jíjà sì ni. Ẹrù ni Ọlọ́hun gbé kúrò lọ́rùn wọn, kò ní kí a gba àǹfààní lọ́wọ́ wọn.

Bó bá jẹ́ pé ti ayé àtijọ́ nìkan ni ẹ ó sọ pé ó jẹ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ayé òde òní. Ní Íjíbítì, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní abúlé ní 1889, Taha Hussein ni orúkọ rẹ̀. Ojú dùn ún nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta, onígbàjámọ̀ abúlé ló tọ́jú rẹ̀, ojú náà sì fọ́. Bàbá rẹ̀ kò tì í mọ́lé. Ilé-kéú abúlé ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló ti há Alùkùránì sórí, ó lọ sí Al-Azhar, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1914. Láti 1950 sí 1952 ló jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Íjíbítì, òun ló sì mú kí ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ fún ọmọ tálákà. (A mọ̀ pé inú àwọn àlùfáà kan kò dùn sí ìwé tó kọ ní 1926, ìjà ìyẹn kọ́ la bá wá.) Ẹni tí Taha Hussein kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wo Sheikh Abdul-Aziz ibn Baz ní Saudi Arabia. Ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, síbẹ̀ òun ni Mọ́fútì àgbà ilẹ̀ náà láti 1993 títí tó fi kú ní 1999. Ká ní àdúgbò wa ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wo ni à bá ti bá wọn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù la dé yìí. Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ tí àwa kò gbà? Ní 1960, Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Míṣọ́nnárì Kìrìsìtẹ́nì ni. Ó ti kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Accra ní 1957. Ní 1962, àwọn Kátólíìkì dá Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè, Èkó. Ilé-ìwé Wesley fún àwọn adití náà wà ní Sùúrùlérè kan náà. A kò bínú sí wọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí wọ́n gba ọmọ Mùsùlùmí mọ́ ti Kìrìsìtẹ́nì. Ọgọ́rùn-ún ọdún lé ti kọjá lórí 1923. Nínú gbogbo ilé-ìwé tí a ti kọ́ láti ìgbà náà, èwo ni a lè nawọ́ sí bí Pacelli? Àwa tí a bẹ̀rẹ̀ nítorí kí míṣọ́nnárì má baà gba ọmọ wa, àwa náà la tún di àwọn ọmọ tó nílò wa jù lọ lẹ́rù, tí a gbé wọn lọ fún un. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá yí ẹ̀sìn padà, a ó pariwo pé wọ́n gba ọmọ wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn adití gba kí a dúró díẹ̀ sí i, nítorí pé àwọn tó fẹ́ ṣe dáadáa gan-an ń ṣì í ṣe. Wọn yóò gba adití kan ṣoṣo sí kíláàsì ogójì ọmọ, wọn yóò fi í jókòó síwájú, wọn yóò sì sọ pé àwọn ti gbà á mọ́ra. Ọmọ náà yóò máa wo ẹnu olùkọ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò ní gbọ́ nǹkan kan, kò sì ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àhámọ́ nìyẹn. Adití ní èdè tirẹ̀, èdè ọwọ́ ni, èdè pípé sì ni, kì í ṣe pé a kàn ń júwe nǹkan. Inú ẹgbẹ́ ni ọmọ ti ń gbọ́ èdè. Nítorí náà, ohun tó bójú mu ni pé kí àwọn ẹgbẹ́ wa nínú ìlú kan fẹnu kò sí ilé-ìwé kan, kí wọ́n kó àwọn ọmọ adití jọ síbẹ̀, kí olùkọ́ tó gbọ́ èdè ọwọ́ wà pẹ̀lú wọn, kí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn náà sì kọ́ èdè náà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n jọ ṣeré, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n jọ kírun.

Ó sì yẹ ká fi ojú ara wa wo mọ́ṣáláṣí. Adití tó wá kí ìrun Jímọ̀ jókòó ti hútúbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ kan kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ ìwàásù máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù. Ẹ̀sìn tiwa kò kọ èdè yìí: nínú òfin rẹ̀, àmì ọwọ́ odi tó bá yéni dúró bí ọ̀rọ̀ ẹnu, títí kan ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Àwa nìkan ni kò rí àyè wá ògbufọ̀.

A ti gbọ́ àwọn àwáwí tó kù. Àkọ́kọ́ ni owó. Lóòótọ́, owó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Ojú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbà gòkè, yanrìn àti sìmẹ́ńtì lásán ni. Bí ibi àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, kò ní ta kẹ̀kẹ́ dànù. Ohun tí afọ́jú fi ń kọ̀wé kò ju férémù kékeré kan, abẹ́rẹ́ onímùkù, àti ìwé tó nípọn lọ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Braille, tí òun náà fọ́jú, ló ṣe ìlànà rẹ̀ láti ara ààmì tóótòòtó mẹ́fà péré. Àwọn Lárúbáwá ti gba ìlànà náà, òsì sí ọ̀tún ni wọ́n ń kà á níbẹ̀, Alùkùránì tí wọ́n fi tẹ̀ sì wà tí ìka lè kà. Ẹ wo iye tí à ń ná síbi wòlímọ̀ ọmọ kan: kánópì, aṣọ ẹbí, màlúù, olórin. Owó màlúù kan nínú rẹ̀ yóò ṣe gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí fún ilé-kéú kan. Àwọn tó ń gba sàkáà jọ náà ń gbọ́ wa. Ọmọ aláìní tí ojú rẹ̀ fọ́ wà nínú àwọn tó tọ́ sí.

Wọ́n ní kò sí olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 fún àwọn olùkọ́ àwọn ẹni àkàndá kò jìnnà sí wa. Ẹgbẹ́ mélòó nínú wa ló ti rán olùkọ́ ẹyọ kan lọ síbẹ̀? A máa ń san owó kí àlùfáà lọ sí Mẹ́kà. Ó dára. Kí a san ti olùkọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú.

Wọ́n tún ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní lè ṣe ìdánwò. WAEC ń ṣe ìbéèrè fún afọ́jú, JAMB sì ti ní ìgbìmọ̀ pàtàkì tó ń bójú tó ìdánwò wọn láti 2017. Ilé ìdánwò ti ṣílẹ̀kùn, ilé ẹ̀kọ́ ni kò ṣí i.

Èyí tó ń bí wa nínú jù ni ọ̀rọ̀ àlùjànnú. Ọmọ tí wárápá ń gbé, tàbí èyí tí kì í sọ̀rọ̀ tí kì í woni lójú, àwọn kan nínú àwọn àlùfáà wa yóò ní àlùjànnú ló wà lára rẹ̀. Owó hàntú, owó ṣíṣe rúkíyà, ọdún mẹ́ta a kọjá lọ báyìí, ọmọ ṣì wà nílé. Wárápá jẹ́ àìsàn ọpọlọ, oògùn rẹ̀ wà ní ọsibítù, ọ̀pọ̀ tó ń lò ó déédéé ni kì í gbé mọ́. Kì í ràn, itọ́ ẹnu ọmọ náà kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Bó bá gbé ọmọ ní kíláàsì, kí olùkọ́ kó àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fi nǹkan rírọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, kó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, kó má sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí ṣíbí yẹn ló ń ká eyín tó sì lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Bí kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Bó bá ti jí, kó sinmi, kó sì padà sórí ẹní rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà fún un, kó gbàdúrà. Kó má fi àdúrà dí ilé-ìwé mọ́ ọn lójú.

Àwọn kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. "Olódo" ni à ń pè wọ́n. Pàṣán la fi ń kọ́ wọn. Ẹ̀yin àlùfáà àti olùkọ́, kí ẹ tó gbé pàṣán, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ náà wá síwájú. Bó bá ń dáhùn níwájú tí kì í dáhùn lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà, tàbí etí rẹ̀ tó ń ṣọyún láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Awò ojú ló ń fẹ́, tàbí dókítà etí. A ti rí ọmọ tí wọ́n na fún ọdún méjì nítorí ohun tí awò ojú yanjú ní ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ híjáàbù. Láti ilé-ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ la gbé e títí ó fi dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí wọ́n dá àwọn ọmọbìnrin wa ní Èkó láre ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Ìjà tó tọ́ ni, a sì wà níbẹ̀. Ohun tí à ń sọ nígbà náà ni pé a kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ kan pé kó yọ nǹkan kúrò lára kó tó lè kàwé. Ọmọbìnrin tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ pẹ̀lú híjáàbù lórí ńkọ́? Ta ló gbé ẹjọ́ tirẹ̀? Òfin sì wà fún un. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011. Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, buwọ́ lu ti ìjọba àpapọ̀, tó sọ pé ẹni àkàndá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láì sí ìyàsọ́tọ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, àkókò náà sì ti pé láti oṣù Kìíní 2024. A kì í gbàgbé òfin nígbà tó bá gbè wá.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a kò gbàgbé ìnira yín, a sì mọ ohun tí àwọn aládùúgbò ń sọ lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ náà pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn nítorí pé àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ́kọ. Ẹ mú un jáde. Ẹ mú un wá sí ilé-kéú, bí wọ́n bá sì ní kí ẹ padà, ẹ jókòó. Ẹ sọ fún àwa ọ̀dọ́ ẹgbẹ́, ká wá bá yín jókòó.

Fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé sáà tó ń bọ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan wà lórí ọ̀pọ̀ rẹ̀ tó ní, "Ǹjẹ́ ọmọ yìí ní àbùkù ara kankan?" Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe. Kí àwọn ilé-ìwé wa pa á rẹ́. Kí wọ́n kọ síbẹ̀ pé, "Kí ni ọmọ yìí nílò kó lè kẹ́kọ̀ọ́ dáadáa lọ́dọ̀ wa?" Kí ọ̀gá ilé-ìwé sì ka ìdáhùn náà, kó gbé kíláàsì tó yẹ kó gbé sọ̀ kalẹ̀, kó tó di pé ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà.